Àkọlé Tí Ojú Nìkan Ń Rí

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún bàbá rẹ̀, Afínjú ti wọ bàtà tán kí ó tó rántí pé òun kò tíì fọ eyín. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí orí rẹ̀ pé. Ó ń kọrin, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri ilé, ó sì ń bá dígí sọ̀rọ̀ pé, "Òní náà ló dé yìí! Òní náà gan-an ni!"

Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Orúnkún òsì bàbá náà ti sọ ọ́ di ẹni tí ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jà. Bó bá fẹ́ rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ bẹ orúnkún, bí orúnkún bá kọ̀, yóò halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti pẹ́ lórí ìlà ilé ìwòsàn títí tí sùúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó wá kàn wọ́n.

Iṣẹ́ àga híhun ni bàbá ń ṣe. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà tí Afínjú wà ní ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fọ́. Yóò fi ìka wá ihò tó wà lára igi, yóò fa pankẹ́rẹ́ gba ibẹ̀, yóò sì hun ìdí àga tí géńdé lè fò lé lórí láìbẹ̀rù. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá kí i báyìí, èsì rẹ̀ kò yàtọ̀: "Alága ni mí lóòótọ́. Àga kún ọwọ́ mi, ìpàdé ni n ò rí pè."

Ní ti Afínjú, ilé ìwòsàn yẹn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ófíìsì tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ bá a mu, nítorí kò lè rí bébà tó wọ́ kó má tò ó. Òun ló ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ wo àkọlé! Gàdàgbà ni, búlúù ni, ó ki lójú. Ẹ wo ìkìlọ̀! Pupa fòò. Ó ti fi màósì kọ̀ǹpútà yan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ wọ́n di ńlá, ó kùn wọ́n láwọ̀, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìwé yìí dùn ún wò bí òdòdó."

Nígbà tí ó kan bàbá rẹ̀, Afínjú fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà bàbá. Kọ̀ǹpútà tí ń sọ̀rọ̀ ni. Ohun tó bá wà lójú rẹ̀ ni yóò máa kà sókè, kí bàbá lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan tún pè é lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ló wà nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́." Bàbá ní òun ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì rò pé bàbá ti kà á, Màmá rò pé ọmọ òun ti ṣàlàyé, ọmọ sì rò pé ìwé tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé.

Nígbà tí Afínjú dé yàrá àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn, nínú aṣọ ilé ìwòsàn tó ṣí lẹ́yìn. Ó ń pa Màmá lẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, ẹ bá mi mú ẹ̀yìn aṣọ yìí pọ̀. Afọ́jú ni mí, àwọn tó kù níbí kì í ṣe afọ́jú."

Dókítà tí yóò kùn ún lóorun wọlé, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó jókòó, ó bi í léèrè oríṣiríṣi nǹkan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ yìí ni. Ìyàwó mi ò gbà kí n jáde pẹ̀lú ikùn òfìfo. Tíì oníwàrà àti búrẹ́dì. Mo tiẹ̀ ní kó bù sí i."

Dókítà dá ọwọ́ ìkọ̀wé dúró.

"Ẹ jẹ́ n tún un bi yín, Bàbá. Àárọ̀ yìí?"

"Kò tíì pẹ́ rárá," ni Màmá dáhùn. "Èèyàn ò ṣáà gbọdọ̀ fi ebi pàdé abẹ."

"Màmá, ebi gan-an ló yẹ kí ó fi pàdé rẹ̀." Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Oògùn tí àwọn ń lò máa ń jẹ́ kí gbogbo iṣan ara dẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè padà gòkè wá sí ọ̀fun, aláìsàn tó ti sùn kò sì ní lè wúkọ́ rẹ̀ dànù. Ọ̀nà èémí ló máa gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. "Ó lè pa èèyàn. A ò lè ṣe é lónìí. Ṣé ẹ ò ka ìwé wa ni? Ó wà níbẹ̀, pupa, gàdàgbà."

Afínjú mọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà. Òun ló kùn ún ní pupa.

Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ibùsùn náà. Orúkọ Alága padà sí ìdí ìlà.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sílé, Afínjú ní, "Bàbá, mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ ò kà á ni?"

"Mo kà á débi tí mo lè kà á dé," ni bàbá sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún tí wọn kò tún ṣe kò gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá nà sókè kí ó lè mú ìdì pankẹ́rẹ́ kan lórí pẹpẹ. Orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìdáná. Egungun ọrùn ọwọ́ ti kán. Ọwọ́ tí ń hun àga wá di ohun tí wọ́n dì mọ́ inú nǹkan funfun tó le bí ògiri.

Nígbà tí Afínjú wá wò ó, Màmá ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. "Èmi ni mo po tíì. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gé búrẹ́dì."

"Màmá, ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀," ni Afínjú ké. Ìbànújẹ́ ti di ìbínú sí i lẹ́nu. "Ó wà nínú ìwé! Ẹni tó bá ṣí i, á rí i! Kí ló dé tí Bàbá ò fi…"

"Afínjú." Bàbá kò gbé ohùn sókè. "Gbé kọ̀ǹpútà mi wá. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yá, di ojú rẹ."

Ó di ojú. Bàbá fi ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Ó ka orúkọ ilé ìwòsàn. Ó ka àdírẹ́sì. Ó ka nọ́ńbà fóònù kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ka ìkíni olùdarí àgbà, bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wákàtí tí àlejò lè wọlé. Ohùn kan náà ló fi ń ka gbogbo rẹ̀, kò sókè, kò sọ̀kalẹ̀. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Afínjú.

"Ẹ fò ó, Bàbá. Ẹ lọ síbi iṣẹ́ abẹ."

"Èmi náà fẹ́ fò ó. Ìwọ, tó o bá ṣí ìwé, ojú rẹ á sáré yí i ká, á rí àkọlé ńlá, á bà lé e. Bọ́tìnnì kan wà níbí tó ń ṣe iṣẹ́ ojú fún mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á gbé mi fò lọ síbi àkọlé tó kàn. Gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní, "Kò sí àkọlé nínú ìwé yìí."

"Irọ́ ni!" Afínjú la ojú. "Àkọlé kún ibẹ̀! Ńlá ni mo kọ ọ́, búlúù ni!"

"Ta ló rí búlúù?" ni bàbá béèrè.

Afínjú tún di ojú.

"Mo gbọ́ ọ títí oorun fi gbé mi lọ níbi ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí," ni bàbá sọ. "Èmi tí n kò ní ọkọ̀. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo dúró sí mọ́. Mo ní bí ohun pàtàkì bá wà nínú rẹ̀, wọn á pè mí."

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Afínjú ọkùnrin wọlé bá wọn. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó ń to ojú ewé ìwé ìròyìn. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó wo ìwé náà, ó mi orí.

"Afínjú, o fi ọ̀ṣọ́ sára ọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n o ò sọ ọ́ lórúkọ."

"Bọ̀dá mi, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Tó o bá yan ọ̀rọ̀, tó o sọ ọ́ di ńlá, tó o kùn ún ní búlúù, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé àkọlé ni. Ohun tó mọ̀ ò ju pé ọ̀rọ̀ búlúù kan tóbi síbí. Ẹ̀rọ Bàbá náà ò lè mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi tó o bá fún ọ̀rọ̀ náà ní sítáì. Sítáì ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nìyí: àkọlé ni, ìkìlọ̀ ni, ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Àwọn àpótí kéékèèké tó tò sókè yẹn? Mo ti lò wọ́n rí. Àwọ̀ wọn ò wù mí, lẹ́tà wọn ò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé ìwòsàn."

"Ta ló ní kó o lo tiwọn? Ṣe tìrẹ!"

Afínjú yí ojú sí i. "Ṣé èèyàn lè ṣe tirẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà lé e lẹ́sẹ̀. Ó ní kó ṣe ìlà ìkìlọ̀ kan lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù ú: irú lẹ́tà, bó ṣe tóbi tó, àwọ̀, àyè tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó yan ìlà yẹn, kó ṣí àpótí sítáì, kó tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀dá tuntun, kó sì fún un ní orúkọ. Ó ní, "Má pè é ní Pupa o. Bí o bá pa àwọ̀ dà lọ́la ńkọ́? Fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ." Afínjú kọ ọ́ síbẹ̀: Ìkìlọ̀ Aláìsàn. Ó lọ síbi ìkìlọ̀ mìíràn, ó tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà náà sì wọ aṣọ rẹ̀ tán! Ó ṣe òmíràn. Ó tún ṣe òmíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, pa àwọ̀ dà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Má fọwọ́ kan ìwé rárá. Inú sítáì ni kó o wọ̀ lọ."

Ó wọ inú rẹ̀, ó sọ pupa di àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ìkìlọ̀ tó wà nínú ìwé yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, láti òkè délẹ̀, kí ó tó mí. Afínjú pariwo. Màmá fi ṣíbí lọ́wọ́ sáré jáde láti ilé ìdáná.

"Kí ló dé? Ṣé ó tún ṣubú ni?"

"Màmá, odidi ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi ṣe èyí! Odidi ọ̀sẹ̀! Ẹ wá wò ó!"

"Mo ti wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ má pariwo mọ́ nínú ilé aláìsàn."

Afínjú kò lè mú un mọ́ra. Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú bàbá. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá! Ẹ wá àkọlé!"

Bàbá tẹ̀ ẹ́.

"Kò sí àkọlé nínú ìwé yìí."

Ẹ̀gbọ́n Afínjú fi ọwọ́ họ orí. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dára náà. A ti gbìyànjú."

"Rárá, Bàbá, a ò tíì gbìyànjú tán," ni Afínjú dáhùn. Ó tún ṣí sítáì náà, ó ń ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sókè. Orúkọ: Ìkìlọ̀ Aláìsàn. Irú rẹ̀: ti ìpínrọ̀. Ohun tó dá lé: ọ̀rọ̀ lásán.

"Dúró!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde. "Ibẹ̀ yẹn! Sítáì kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó jókòó lé. Orí ọ̀rọ̀ lásán lo gbé tìrẹ kà, ọ̀rọ̀ lásán náà ló ṣì jẹ́ lábẹ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn. Ìwé ìròyìn tiwa, ojú ló ń kà á, mi ò ro ti ìdí rárá. Gbé e ka orí àkọlé ìpele kejì, èyí tó wà lábẹ́ àkọlé ńlá."

Ó yí i padà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ béèrè irú ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀ lé ìkìlọ̀ bí èèyàn bá bọ́ sí ìpínrọ̀ tuntun, ó fi ọ̀rọ̀ lásán síbẹ̀, kí ìwé má bàa di kìkì ìkìlọ̀. Àpótí kan ní ṣé kí òun fi sítáì yìí pamọ́ fún ìwé mìíràn tó ń bọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà fún bàbá, ó ní, "Ó yá, Bàbá."

Bàbá tẹ̀ ẹ́.

"Àkọlé, ìpele kejì," ni ẹ̀rọ wí. "Ìkìlọ̀: Ẹ má jẹ ohunkóhun ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Tíì oníwàrà náà jẹ́ oúnjẹ."

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́! Afínjú gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ń fò bí ọmọ kékeré. Bàbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fò sórí ìkìlọ̀ tó kàn, ó fò sórí òmíràn, ó ń sáré nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó padà síbi ti àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un kà.

"Ṣé ó ti wà níbẹ̀ báyìí láti ọjọ́ yẹn?" ni ó béèrè.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó mà súnmọ́ mi o."

Màmá yí padà sí ilé ìdáná, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Afínjú kò jẹ́ kí ọjọ́ lọ lórí rẹ̀. Ó mú ìwé àtijọ́ àti tuntun lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n dá ìwé àtijọ́ dúró, kí wọ́n sì fi tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti gba ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ bojú jẹ́. "Ìwé tí gbogbo èèyàn ń yìn? Afọ́jú mélòó la tiẹ̀ ní tó ń gbàtọ́jú níbí?"

"N ò mọ̀, mà. Kò sẹ́ni tó fi ẹjọ́ sùn wá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ìwé wa kà, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Afínjú bẹ̀ ẹ́ kó di ojú, kó gbọ́ ìwé àtijọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ kò tíì kà dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí tí ọ̀gá fi ní kó pa á. Wọ́n dá ìwé náà dúró lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí fún Afínjú, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n tún ní kó kọ́ gbogbo ófíìsì bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá sítáì. Inú àwọn tó ríran náà dùn, nítorí kọ̀ǹpútà ti ń fi àwọn àkọlé náà to àkóónú iwájú ìwé fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí ń fi ọwọ́ ka ojú ewé mọ́.

Nígbà tí ìlà tún kan Alága, ó fi ikùn òfìfo lọ, ó sì fi orúnkún tuntun bọ̀. Ó ń rìn dé òpin àdúgbò báyìí, kò bẹ orúnkún mọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò tán. Kò lè fa pankẹ́rẹ́ kó le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gbìyànjú, ó fi ìka tẹ ìdí àga tó hun, ó tú u. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tú u. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n wá ra àwọn irinṣẹ́ òun. Afínjú wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n wá kó wọn. Bàbá kò dá a lẹ́bi. Òun náà kò sì wá àwáwí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé tí ará ìlú ń kà, ẹ̀yin olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ gbọ́. Ẹ má fi ọwọ́ kun àkọlé láwọ̀ kí ẹ sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ṣẹ̀dá sítáì tiyín, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ sì gbé ti àkọlé ka orí àkọlé tòótọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sínú àwọ̀ nìkan. Kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á sí yín létí, kí ẹ di ojú, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè rí ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí kò ríran, ẹ pè é, ẹ bá a sọ ọ́ lẹ́nu. Ìbéèrè kékeré kan péré ni. Òun kò lè bi yín léèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà nínú ìwé.